Ejò Ni Tàbí Ẹjọ́? Ìdí Tí Kóró Irin Inú Mẹ́kúrì Fi Tóbi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí, mo sì ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu àìpẹ́ yìí ni mo tó mọ̀ pé èmi gan-an wà lára àwọn àgbà tí òwe náà ń bá wí. Ẹjọ́ tí mo dá kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, kì í sì í ṣe ẹjọ́ tọkọtaya. Ẹjọ́ irin àti òkúta ni, ibi tí ó sì ti ṣẹlẹ̀ jìnnà sí gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 21 oṣù Èrèlé, ni wọ́n máa ń ṣe Ọjọ́ Èdè Abínibí káàkiri àgbáyé. Àjọ UNESCO ló fọwọ́ sí i ní ọdún 1999, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é ní ọdún 2000. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lọ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi èdè ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún níwájú kíláàsì. Àwọn kan mú àlọ́ ìjàpá, àwọn kan mú bí a ṣe ń ro àmàlà, àwọn mìíràn mú aṣọ òkè. Ọmọ tiwa, ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo máa ń fi oríkì rẹ̀ pè ní Àbẹ̀kẹ́, ní ọ̀rọ̀ Mẹ́kúrì ni òun fẹ́ sọ, ìyẹn pílánẹ́ẹ̀tì tí ó súnmọ́ Oòrùn jù lọ. Ó ti rí àwòrán kan nínú ìwé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti la àwọn pílánẹ́ẹ̀tì sí méjì bí ẹni la ọsàn. Kóró irin inú Ayé wa mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n ti Mẹ́kúrì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú rẹ̀ tán.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "kí ló dé tí irin inú rẹ̀ fi pọ̀ tó báyìí? Ṣé a tilẹ̀ lè fi Yorùbá sọ ọ́?"

Ìbéèrè kejì yìí ló ká mi lára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Kí ni Yorùbá kò lè sọ?" Mo wá sọ fún un pé ní ìgbà láéláé, nígbà tí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá, ohun ńlá kan wá kọlu Mẹ́kúrì, ó bó òkúta ara rẹ̀ dànù bí ẹni bó èèpo ẹ̀gẹ́, irin inú rẹ̀ ló ṣẹ́kù. Mo sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo kà á, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ọmọ kọ́ ọ sórí, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó sọ tirẹ̀ tán, ọmọkùnrin kan sì bi í láti ẹ̀yìn pé, "Ta ló rí i?" Àbẹ̀kẹ́ dákẹ́. Àwọn ọmọ yòókù rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní ṣebí àlọ́ náà ni, pé àlọ́ ni Yorùbá mọ̀ jù. Nígbà tí ó délé, kò jẹun. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Bọ̀dá, wọ́n bi mí pé ta ló rí i, mi ò sì mọ ohun tí mo lè sọ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀. Èmi ni mo gbé ìdájọ́ lé ọmọ lọ́wọ́ láìfún un ní ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó tún ẹjọ́ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí mo sì gbọ́ ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: báwo ni a ṣe mọ̀ pé kóró náà tóbi? Kò sí ẹni tí ó la Mẹ́kúrì wò. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ dá kò yàtọ̀ sí ti ìyá oníṣu tí ó fẹ́ mọ iṣu tí ó ti bàjẹ́ nínú láìgé e: yóò gbé e lọ́wọ́, yóò wò ó bóyá ìwúwo rẹ̀ bá títóbi rẹ̀ mu. Bí ohun kan ṣe wúwo tó fún ààyè tí ó gbà ni mo pè ní ìki nínú àròkọ yìí. Láti ara ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ẹ̀kọ tí ó ki ni mo ti yọ ọ́. Bí a bá wọn ohun tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 ní gígùn, 1 ní ìbú, 1 ní gíga, bí ó bá jẹ́ omi ni, yóò jẹ́ gíráàmù 1. Bí ó bá jẹ́ òkúta, yóò jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 3. Bí ó bá jẹ́ irin, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 8. Tí a bá wọn Mẹ́kúrì lápapọ̀ lọ́nà yìí, ìki rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 5.43. Ti Ayé jẹ́ 5.51.

Ẹ lè sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Ayé ló ki jù. Ẹ dákẹ́ ná. Ayé tóbi, ìwúwo rẹ̀ sì ń tẹ inú rẹ̀ pọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi òkúta tẹ ẹ̀gẹ́ rírin nínú àpò kí ó tó di gàrí. Mẹ́kúrì kéré, nǹkan bí Mẹ́kúrì 18 ni yóò wúwo tó Ayé kan ṣoṣo, nítorí náà kò ní agbára tí yóò fi tẹ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ìṣirò yọ títẹ̀ yìí kúrò, ìki Ayé wálẹ̀ sí ohun tí ó lé díẹ̀ ní 4, ti Mẹ́kúrì sì dúró sí nǹkan bí 5.3. Kò sí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn tí ó tó o nínú èyí. Irin nìkan ni ohun tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ohun tí a fi dá pílánẹ́ẹ̀tì.

Ọkọ̀ aláìlẹ́nìyàn kan tí ń jẹ́ Mariner 10 ló jẹ́ kí ìwúwo náà dájú. Àjọ NASA ti Amẹ́ríkà rán an jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Bélú ọdún 1973, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Mẹ́kúrì kọjá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún 1974 àti 1975. Bí agbára ìfàmọ́ra Mẹ́kúrì ṣe fa ọkọ̀ náà kúrò ní ọ̀nà tí ó ń tọ̀ ni wọ́n fi mọ bí ó ti wúwo tó. Ọkọ̀ yìí kan náà ló kọ́kọ́ ṣàwárí pé Mẹ́kúrì ní òòfà tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára òòfà náà kò ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 ti Ayé lọ.

Lónìí, a mọ̀ pé láti àárín gbùngbùn Mẹ́kúrì dé ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 2,440. Nínú èyí, irin gba nǹkan bí 2,020. Ìpele òkúta tí ó bò ó kò ju nǹkan bí 420 lọ. Ti Ayé jẹ́ kìlómítà 6,371, kóró rẹ̀ sì gba 3,480. Bí a bá wá ṣírò gbogbo ààyè inú wọn, kóró Mẹ́kúrì gba nǹkan bí ìdá 57 nínú 100, ṣùgbọ́n ti Ayé kò ju nǹkan bí ìdá 16 lọ. Ẹ mọ irú máńgòrò kan tí ó jẹ́ pé ẹ óò kàn fi eyín họ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó ti kan kóró. Irú èso bẹ́ẹ̀ ni Mẹ́kúrì.

Ibi tí mo dé yìí ni mo ti pe Àbẹ̀kẹ́ wá sí ilé ìdáná. Mo se ẹyin kan jinná, mo fi èkejì sílẹ̀ ní tútù, mo ní kí ó ta wọ́n lórí tábìlì bí ẹni ta òkòtó. Ẹyin sísè yí wìrìwìrì. Ẹyin tútù falẹ̀, ó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, nítorí pé omi inú rẹ̀ kò bá èèpo rẹ̀ yí pọ̀. Àbẹ̀kẹ́ tún ún ta títí ẹyin tútù fi já bọ́ sílẹ̀ tí ó fọ́. Ìyá rẹ̀ bá àwa méjèèjì wí dáadáa lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fojú rí yẹn ni Jean-Luc Margot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi yẹ Mẹ́kúrì wò. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ta ìgbì rédà lù ú láti ibùdó Goldstone ní California, tí wọ́n sì ń gba èyí tí ó padà ní ibẹ̀ àti ní Green Bank ní West Virginia. Fún ọdún mélòó kan ni wọ́n fi ń wo bí Mẹ́kúrì ṣe ń yí. Oòrùn a máa fà á síwá sẹ́yìn díẹ̀ bí ó ti ń yí i po ní ọjọ́ 88-88. Bí Mẹ́kúrì bá le láti inú dé òde, mímì náà ìbá kéré. Ohun tí wọ́n rí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Wọ́n kéde ní ọdún 2007 pé òkúta ara Mẹ́kúrì kò so mọ́ inú rẹ̀ típẹ́típẹ́, nítorí pé irin tí ó kàn án nínú jẹ́ yíyọ́. Ní ọdún 2019, ìwádìí mìíràn tí Antonio Genova ṣáájú rẹ̀ fi hàn pé irin líle tún wà láàárín irin yíyọ́ náà, tí ìbú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì tó nǹkan bí kìlómítà 2,000.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé ta ló rí kóró náà, èsì wà: a kò fi ojú rí i, ṣùgbọ́n a ti gbé e wọ̀n, a sì ti rí bí ó ṣe ń mì.

Ìbéèrè kejì ló le. Báwo ni irin ṣe kó jọ sí àárín, kí sì ló dé tí òkúta ara rẹ̀ fi kéré? Apá kìíní rọrùn fún ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ àwọn baba wa. Bàbá bàbá mi jẹ́ alágbẹ̀dẹ. Lẹ́yìn àgbẹ̀dẹ rẹ̀ ni òkìtì kan wà, tí ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí òun fúnra rẹ̀, òkìtì ìdàrọ́. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè, ìdàrọ́ ni pàǹtí tí ó ń jáde nígbà tí a bá fi èédú sun òkúta tí irin wà nínú rẹ̀ nínú iná ńlá. Òkúta inú rẹ̀ a yọ́, a ṣàn kúrò, irin a sì ṣẹ́kù. Irú òkìtì bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí wọ́n ti ń sun irin kí irin òyìnbó tó gba ọjà. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo máa ń gbé ìdàrọ́ sí ọwọ́ kan, mo máa ń gbé irin sí ọwọ́ kejì. Ìyàtọ̀ tí ọwọ́ mi mọ̀ nígbà náà ni ìyàtọ̀ tí mò ń kọ nípa rẹ̀ yìí. Nínú pílánẹ́ẹ̀tì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ohun gbogbo gbóná débi pé ó yọ́. Irin tí ó wúwo a rì lọ sí àárín, òkúta tí ó fúyẹ́ a léfòó. Bẹ́ẹ̀ ni Ayé ṣe ní kóró, bẹ́ẹ̀ ni Mẹ́kúrì náà.

Ohun tí ó wá jẹ́ ìyanu ni pé, fún irin tí ó pọ̀ tó báyìí, ó yẹ kí òkúta tí ó bò ó pọ̀ ju báyìí lọ fíìfíì. Bí ìgbà tí ènìyàn dé ibi tí wọ́n ti sun irin, tí ó bá irin púpọ̀ nílẹ̀, tí ìdàrọ́ kò sì ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ ni. Yálà ẹnìkan ti kó ìdàrọ́ náà lọ, tàbí òkúta tí wọ́n kó wá kò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo àwọn tí ó wá rojọ́ kò kúrò lórí méjèèjì yìí.

Stuart Weidenschilling ló rojọ́ ní ọdún 1978 pé òkúta kò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí pílánẹ́ẹ̀tì tó dá, gáàsì àti eruku ló yí Oòrùn ká. Gáàsì a máa dá ohun tí ó bá ń là á kọjá dúró. Èyí tí ó wúwo a lè kojú rẹ̀, èyí tí ó fúyẹ́ a pàdánù eré rẹ̀, a sì ṣubú lọ sínú Oòrùn. Ẹni tí ó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ọkà nínú atẹ́gùn ti rí irú rẹ̀: èèpo a bá atẹ́gùn lọ, hóró a ṣẹ́kù.

Ní ọdún 1985, Alastair Cameron ní òkúta wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Oòrùn ìgbà èwe gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ òkúta ara Mẹ́kúrì di oru, tí oru náà sì fẹ́ lọ. Ní ọdún 1988, òun kan náà pẹ̀lú Willy Benz àti Wayne Slattery tún mú ẹjọ́ mìíràn wá: wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ pé Mẹ́kúrì ìṣáájú ti wúwo ju ti ìsinsìnyí lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, kí ohun ńlá kan tó wá kọlù ú, tí ó sì gbọn òkúta ara rẹ̀ dànù. Èyí ni mo kọ́ Àbẹ̀kẹ́. Ìṣirò gidi ni, kì í ṣe àlọ́. Àṣìṣe mi ni pé mo sọ ìṣirò di ìtàn ojú mi.

Ní ọdún 2014, Erik Asphaug àti Andreas Reufer yí ẹjọ́ náà padà. Wọ́n ní ó lè jẹ́ Mẹ́kúrì fúnra rẹ̀ ló lọ kọlu ohun tí ó tóbi jù ú, bí ọkọ̀ kékeré tí ó lọ fi ẹ̀gbẹ́ ha tírélà, tí ara rẹ̀ bó, tí ó sì bọ́ lọ pẹ̀lú ohun tí ó kù. Ní ọdún 2021, William McDonough àti Takashi Yoshizaki ní agbára òòfà Oòrùn ìgbà èwe ló ṣa eruku irin jọ sí ìtòsí rẹ̀, bí òòfà ṣe ń ṣa abẹ́rẹ́ jọ, pé ìdí nìyẹn tí irin fi pọ̀ jù nínú pílánẹ́ẹ̀tì tí ó súnmọ́ ọn jù.

Ẹlẹ́rìí wá dà? Ọkọ̀ kejì ni, MESSENGER, tí NASA rán jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Ògún ọdún 2004. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí Mẹ́kúrì po ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2011, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí epo rẹ̀ fi tán, tí ó sì já lu ojú Mẹ́kúrì ní ọjọ́ 30 oṣù Igbe ọdún 2015. Ohun tí ó bá lójú ilẹ̀ Mẹ́kúrì da ẹjọ́ rú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ògógóró àti iyọ̀ ṣàlàyé. Bí ènìyàn bá da méjèèjì pọ̀ sínú ìkòkò, tí ó gbé e kaná, ògógóró a fẹ́ lọ, iyọ̀ a ṣẹ́kù. Bí ẹ bá wá bá ìkòkò kan tí òórùn ògógóró ṣì kún inú rẹ̀, ẹ óò mọ̀ pé iná kò tíì rí i tó bẹ́ẹ̀. Pọtásíọ̀mù dà bí ògógóró yìí, iná a tètè lé e lọ. Tóríọ̀mù dà bí iyọ̀, kì í tètè lọ. Òṣùpá wa, tí àwọn onímọ̀ gbà pé inú ìkọlù gbígbóná ló ti wá, kò ní pọtásíọ̀mù púpọ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ ti ń retí pé Mẹ́kúrì yóò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí MESSENGER wọn pọtásíọ̀mù mọ́ tóríọ̀mù níbẹ̀, ó ga ju ti Òṣùpá lọ jìnnà. Ó jọ ti Máàsì, tí ó jìnnà sí Oòrùn. Imí ọjọ́ náà pọ̀ níbẹ̀, ó tó ìdá 4 nínú 100 ní àwọn ibì kan, ó sì fi ìlọ́po mẹ́wàá ó kéré tán ju ti òkúta Ayé lọ. Imí ọjọ́ pẹ̀lú wà lára ohun tí iná máa ń lé.

Ẹjọ́ oru tí Cameron rò ní ọdún 1985 kò lè dúró níwájú ẹ̀rí yìí. Ẹjọ́ ìkọlù ńlá, èyí tí mo fi kọ́ ọmọ, kò ṣubú pátápátá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ẹni tí ó bá ń rò ó ní láti sọ bí òkúta ṣe lọ tí imí ọjọ́ kò lọ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń wo ìkọlù ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Asphaug àti Reufer, tí àwọn mìíràn sì padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó ní òkúta kò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Irin tí ó wà nínú òkúta ojú Mẹ́kúrì kéré gan-an, ó sì hàn pé ibi tí ọ̀síjìn ti ṣọ̀wọ́n ni Mẹ́kúrì ti dá. Irin tí kò rí ọ̀síjìn kì í dógùn-ún. Kì í wọnú òkúta, a rì lọ sínú kóró. Èyí fi kún irin inú kóró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, nítorí bí a bá da irin inú àti irin òde pọ̀, irin Mẹ́kúrì ṣì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Níbi tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ohun tí iná ń lé yìí ni mo ti pàdé ohun tí ó jẹ́ kí n dìde lórí àga. Àwọn ibì kan wà lójú Mẹ́kúrì tí ó mọ́lẹ̀ ju àyíká wọn lọ. Àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ibi tí òkè ayọnáyèéfín ti bú gbàmù rí, tí eérú sì bo ilẹ̀. Òkè kì í bú bẹ́ẹ̀ láìsí gáàsì nínú rẹ̀, nítorí náà àwọn ibi mímọ́lẹ̀ wọ̀nyí jẹ́ ẹlẹ́rìí pé iná kò tíì lé ohun gbogbo kúrò nínú Mẹ́kúrì. Nígbà tí àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé fẹ́ sọ wọ́n lórúkọ ní ọdún 2018, wọ́n pinnu pé kí orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ejò ní èdè kan, nítorí pé ejò méjì ló lọ́ mọ́ ọ̀pá òrìṣà àwọn ará Róòmù tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pílánẹ́ẹ̀tì náà. Ejò ní èdè Ìgbò wà níbẹ̀, Agwo. Ti Yorùbá náà wà níbẹ̀: Ejo Faculae.

Wọn kò fi àmì sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wò ó bí mo ti ń kígbe lójoojúmọ́ pé àmì ohùn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́! Láìsí àmì, ejò lè di ẹjọ́. Mo mọ̀ pé ejò ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ni ojú mi kọ́kọ́ kà, mo sì rẹ́rìn-ín ní èmi nìkan, nítorí ẹjọ́ gan-an ni mo wà lórí rẹ̀.

Mo pe Àbẹ̀kẹ́, mo fi ọ̀rọ̀ náà hàn án. Ó wò ó títí, ó ní, "Bọ̀dá, a jẹ́ pé Yorùbá ti débẹ̀?" Mo ní ó ti débẹ̀. Mo sì bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, má bínú. Ohun tí mo kọ́ ọ, mo kọ́ ọ bí ẹni pé ó ti dájú, kò sì tíì dájú." Kì í ṣe ohun tí ó rọrùn fún àgbà láti sọ fún ọmọdé ní ilẹ̀ wa, ẹ̀yin náà mọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé mo lè sọ ìyẹn náà fún wọn? Pé kò tíì dájú?"

A jókòó, a tún iṣẹ́ náà kọ. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ní kí ó kọ "ohun ńlá kan kọlù ú," ó kọ "ó ṣeé ṣe kí ohun ńlá kan ti kọlù ú." Níbi tí ẹ̀rí wà, ó kọ "a mọ̀ pé." Níbi tí ẹ̀rí ti fì sí apá kan, ó kọ "ó jọ bí ẹni pé." Níparí, ó kọ "a kò tíì mọ̀," ó sì kọ ìdí rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Mo ka gbólóhùn wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tuntun fún sáyẹ́ǹsì láti ọjọ́ yìí, n kò kíyè sí i pé àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ̀nyí, tí ìyá mi àgbà ń lò lójoojúmọ́ láti ya ohun tí ó rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó gbọ́, ni ọmọ náà nílò jù nígbà tí wọ́n bi í pé ta ló rí i.

Olùkọ́ rẹ̀ gbà kí ó tún sọ̀rọ̀ náà. Ó gbé ẹyin méjì dání lọ sí kíláàsì. Ọmọkùnrin tí ó bèèrè ọ̀rọ̀ níjelòó ló bá a ta ẹyin náà, wọ́n sì ní ó béèrè títí aago fi lù.

Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ọkọ̀ kẹta, BepiColombo, tí àjọ òfuurufú ti Yúróòpù àti ti Japan jọ ni, gbéra ní ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2018. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Mẹ́kúrì kọjá lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ọdún 2021 àti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, ètò tí wọ́n sì ṣe ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po ní oṣù Bélú ọdún 2026. Ọkọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan yóò wo òòfà Mẹ́kúrì, èkejì yóò wo ojú ilẹ̀ rẹ̀ àti inú rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ti kọ ọ́ sára ògiri yàrá rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ẹyin méjì nílé, ẹ se ọ̀kan, kí ẹ ta méjèèjì wò. Ẹ ṣọ́ra kí ó má jábọ́. Ó dìgbà kan ná, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ire o.